Líle Kì í Ṣe Yíyi: Ipa Ooru Ìjórin lórí Agbára àti Yíyi Irin Sítíìlì

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí irin bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé tó. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé èrò náà lè tan ènìyàn jẹ níbi tí a bá ti fi iná jó irin pọ̀. Ó ṣàlàyé ohun tí ooru ń ṣe sí irin sítíìlì ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin, ó lo afárá kan tó kán ní ìlú Melbourne ní ọdún 1962 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì sọ ohun tí oníṣẹ́ lè ṣe kí irin má baà pàdánù yíyi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì, *le* àti *yi*, ni òpómúléró àlàyé náà.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1962, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 45 gun orí afárá King's Bridge ní ìlú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ìgbà òtútù ni oṣù Keje jẹ́ níbẹ̀, ara irin sì tutù. Bí ọkọ̀ náà ti ń kọjá, àwọn ìdábùú irin tó gbé apá kan afárá náà dúró kán, ojú ọ̀nà sì tẹ̀ wọlẹ̀. Ògiri tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó wó lulẹ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò kú. Afárá náà kì í ṣe ògbólógbòó: oṣù Kẹrin ọdún 1961 ni wọ́n ṣí i, kò sì tíì lò ju oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí yẹ fún àròjinlẹ̀. Irin tí wọ́n lò kì í ṣe irin yẹpẹrẹ. Wọ́n dìídì yàn án nítorí pé agbára rẹ̀ ju ti sítíìlì tó wọ́pọ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni sísán náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ojú sísán kan, wọ́n bá ọ̀dà tí wọ́n fi kun irin nígbà iṣẹ́. Èyí jẹ́rìí sí i pé àwọn ìdábùú náà ti sán kí wọ́n tó gbé wọn dé orí odò Yarra rárá, tí ọ̀dà sì bo àṣírí wọn.

Báwo ni irin tí a yàn nítorí agbára ṣe wá fọ́ bí àwo? Ìdáhùn ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tó ń gun afárá, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí tó ń gbé inú ilé tí òpó rẹ̀ jẹ́ irin. Ó sì kan àwa Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn: èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tí a nílò láti fi là á yé ara wa.

Agbára, líle àti yíyi

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń sọ pé nǹkan kan le, a sì máa ń sọ pé nǹkan mìíràn yi. Àwo tánńganran le. Bí a bá fi èékánná ha á, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ láti ọwọ́, ó di àfọ́kù. Awọ màlúù kò le bí àwo, àmọ́ ó yi: a lè nà án, kí a ká a, kí a lù ú, kò ní fọ́. Ẹni tó bá ti jẹ ẹran ògbólógbòó ewúrẹ́ mọ ohun tí yíyi jẹ́. Eyín lè wọ inú ẹran náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ já.

Àwọn onímọ̀ nípa irin náà ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Agbára irin ni ìwọ̀n ẹrù tó lè gbà kí ó tó tẹ̀ tàbí kí ó tó já. Líle rẹ̀ ni bí ó ṣe ń kọ̀ kí nǹkan mìíràn má dá ọgbẹ́ sí i lára. Yíyi rẹ̀ ni ìwọ̀n ìnira tó lè gbé mì kí ó tó fọ́, pàápàá nígbà tí ó bá ti ní àbùkù kékeré kan lára. Agbára àti líle sábà máa ń rìn pọ̀: bí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì náà a lọ. Yíyi ni kì í sábà bá wọn gun òkè. Nígbà púpọ̀, bí irin bá ṣe ń le sí i ni yíyi rẹ̀ ń dín kù.

Àwọn àgbà ní, bí irin bá kan irin, ọ̀kan a tẹ̀ fún ọ̀kan. Irin tó yi ni òwe yìí ń bá wí. Irin tó bá yi a máa tẹ̀ kí ó tó já, títẹ̀ náà sì jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tó ní ojú láti fi wò ó. Irin tí kò yi kì í tẹ̀, kì í sì kìlọ̀. Ó kàn ń kán ni.

Láti wọn yíyi, àwọn onímọ̀ ń lo ìdánwò tí a fi orúkọ Georges Charpy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè. Wọ́n á gé ọ̀pá irin kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 55, tí ìbú àti nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 10 níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á la ojú kan tó jìn ní mìlímítà 2 sí àárín rẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kí òòlù wúwo tó rọ̀ bí ìṣó aago fì wá gbá a. Bí òòlù náà bá ṣẹ́ ọ̀pá náà tán tí ó sì tún fì lọ sókè réré, ọ̀pá náà kò gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò yi. Bí òòlù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọjá, ọ̀pá náà yi. Ìdánwò yìí tún fi hàn pé sítíìlì kan náà tó yi nígbà tí ara rẹ̀ móoru lè di ẹlẹgẹ́ nígbà tí òtútù bá mú un.

Ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀

Kí a tó dé ìdí iná ìjórin, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé àgbẹ̀dẹ. Sítíìlì jẹ́ irin tí kábọ̀n díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kábọ̀n yìí náà ni ohun tó pọ̀ jù nínú èédú. Nínú irin tí a fi ń ṣe afárá àti ilé, kábọ̀n kì í sábà ju ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú irin súpíríìn ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá àti ọkọ́ lóde òní, ó lè tó ìdá 0.60.

Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ kí ẹnu àdá mú, a fi ẹwìrì fẹ́ iná títí irin á fi pọ́n dẹ̀dẹ̀, a sì rì í bọ omi lójijì. Ẹnu àdá á le. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú irin nìyí. Láti nǹkan bí ìwọ̀n ooru 727 °C lọ sókè, àwọn ègé tíntìntín tó para pọ̀ di irin bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn lọ́nà mìíràn. Ètò tuntun yìí ní àyè fún kábọ̀n, kábọ̀n sì wọ inú rẹ̀ bí iyọ̀ ti ń yọ́ wọ inú omi. Bí irin náà bá rọra tutù, kábọ̀n á rí àkókò láti jáde, irin á sì padà sí ètò rẹ̀ àtijọ́, ní rírọ̀ àti ní yíyi. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù lójijì, kábọ̀n há sínú ètò tí kò ní àyè fún un mọ́. Gbogbo ara irin á fún, á le koko, yíyi rẹ̀ á sì bọ́. Irú irin tó le báyìí ni a ń pè ní mátẹ́nsáìtì, láti inú orúkọ Adolf Martens, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ mọ̀ pé kò yẹ kí a fi irin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa dá a padà sẹ́bàá iná díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè rọ̀, kí yíyi sì padà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àdá náà lè fọ́ lẹ́nu ní ọjọ́ tó bá kan òkúta.

Sàkání ooru

Nígbà tí wẹ́dà bá ń jó irin pọ̀, iná mànàmáná tó ń kọ mànà ní ẹnu ọ̀pá ìjórin gbóná ju ohunkóhun tó wà nínú ilé àgbẹ̀dẹ lọ. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yọ́, nítorí sítíìlì ń yọ́ ní nǹkan bíi 1500 °C. Ọ̀pá ìjórin náà á yọ́ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á sì dì pọ̀ di ojú ìjórin. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin, irin wà tí kò yọ́, síbẹ̀ tí ooru dé ara rẹ̀ tó láti yí i padà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí a ó pe ibẹ̀ ní sàkání ooru. Kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà mélòó kan lọ, ojú lásán kò sì lè yà á sọ́tọ̀.

Sàkání ooru kò rí bákan náà jálẹ̀. Irin tó súnmọ́ ibi tó yọ́ jù gbóná ju 1100 °C lọ. Àwọn wóró inú rẹ̀ á dàgbà, wọ́n á sì tóbi. Wóró tó tóbi kò dára fún yíyi, nítorí pé sísán rí ọ̀nà gbọọrọ gbà láìsí ìdíwọ́, bí ẹni ń rìn ní títì tí kò ní oríta. Ní ìwájú díẹ̀, níbi tí ooru ti tó nǹkan bíi 900 °C sí 1100 °C, wóró máa ń kéré, irin ibẹ̀ sì sábà máa ń yi dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tó yí padà lápá kan, títí dé ibi tí irin kò ti mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni bí sàkání yìí ṣe yára tutù tó, àgàgà láàárín 800 °C sí 500 °C. Òǹkàwé lè sọ pé wẹ́dà kò da omi sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin tútù tó yí i ká ni omi rẹ̀. Bí irin náà bá ṣe nípọn tó ni ó ṣe ń fa ooru mu kíákíá tó. Ojú ìjórin kékeré lórí irin tó nípọn lè tutù láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, wẹ́dà lè ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe láìmọ̀ pé òun ń ṣe é, kò sì ní dá irin náà padà sẹ́bàá iná.

Kì í ṣe gbogbo sítíìlì ni ewu yìí kàn bákan náà. Àwọn onímọ̀ ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mú ìdá kábọ̀n bí ó ṣe wà. Wọ́n á fi ìdá máńgáníìsì tí a pín sí ọ̀nà 6 kún un. Wọ́n á fi àròpọ̀ kurómíọ̀mù, molíbdínọ̀mù àti fanédíọ̀mù tí a pín sí ọ̀nà 5 kún un. Lẹ́yìn náà, àròpọ̀ níkẹ́lì àti bàbà tí a pín sí ọ̀nà 15. Bí irin kan bá ní kábọ̀n 0.20 àti máńgáníìsì 1.20, èsì jẹ́ 0.40, a sì lè jó o pẹ̀lú ìṣọ́ra díẹ̀. Bí kábọ̀n bá jẹ́ 0.23 tí máńgáníìsì sì jẹ́ 1.50, ó di 0.48, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Irin súpíríìn tó ní kábọ̀n 0.60 àti máńgáníìsì 0.90 ti di 0.75, kí a tó ka kurómíọ̀mù mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí súpíríìn tí a jó pọ̀ lẹ́bàá títì fi sábà máa ń tún kán, tí kì í sì í ṣe ojú ìjórin gan-an ni ó ti ń kán bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tá tí a kò rí

Líle nìkan kọ́ ni ìṣòro. Háídírójìn wà pẹ̀lú. Inú omi ni ó pọ̀ sí, nítorí náà ọ̀pá ìjórin tí afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin ti fẹ́ sí, ìpẹtà, epo tàbí ọ̀dà tí a kò nù kúrò lára irin, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé e wọlé. Iná ìjórin á tú u sílẹ̀, irin tó yọ́ á sì fà á mu. Nígbà tí irin bá dì, háídírójìn kò rí àyè mọ́. Á máa rìn kiri títí yóò fi kó jọ sí ibi tó le, tó sì fún jù, èyí tí í ṣe sàkání ooru.

Irin tó gbóná máa ń fẹ̀, èyí tó ń tutù sì máa ń súnkì. Bí ohun tó wà ní àyíká kò bá jẹ́ kí ojú ìjórin súnkì bó ti fẹ́, á máa fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tipátipá. Nígbà tí nǹkan mẹ́ta yìí bá pàdé, ìyẹn irin tó le jù, háídírójìn àti fífà, irin á sán. Kì í sì í sán lójú wẹ́dà. Ó lè di ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí irin ti tutù, ó sì lè di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yẹ iṣẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ tó sì ní ó dára kò purọ́. Irin náà kò tíì sán nígbà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí King's Bridge

A lè padà sí Melbourne báyìí. Sítíìlì tí wọ́n fi ṣe àwọn ìdábùú afárá náà gba agbára rẹ̀ láti inú kábọ̀n àti máńgáníìsì tó pọ̀ ju ti irin tó wọ́pọ̀ lọ. Èyí náà ló mú kí ó tètè le ní sàkání ooru. Láti fi kún agbára ìdábùú kọ̀ọ̀kan ní àárín, wọ́n jó irin pẹlẹbẹ mìíràn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní orí irin pẹlẹbẹ náà, níbi tó ti parí, ojú ìjórin kúkúrú kan dábùú. Ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin kúkúrú yìí ni sísán ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Abẹ́ ìdábùú ni ibi tí ẹrù ti ń fà á jù. Irin ibẹ̀ ti le, yíyi rẹ̀ ti dín kù. Àwọn ojú ìjórin gígùn ti di irin pẹlẹbẹ náà mú ṣinṣin, nítorí náà ojú ìjórin kúkúrú kò rí àyè láti súnkì nígbà tó ń tutù. Sísán kékeré bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà bò ó, afárá ṣí. Lẹ́yìn náà ni òtútù dé, òtútù sì dín yíyi tó ṣẹ́kù kù. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn gun orí rẹ̀, kò sí ohun tó lè dá sísán náà dúró mọ́. Kò yẹ kí a di ẹ̀bi náà ru awakọ̀.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má baà di gbogbo ẹ̀bi ru iná ìjórin náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1943, ọkọ̀ ojú omi Schenectady là sí méjì ní èbúté ní ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ó dúró sí láìrìn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n jó pọ̀ nígbà ogun náà sán pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ sì sọ pé ìjórin ló fà á. Constance Tipper, onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge, ló fi hàn pé sítíìlì tí wọ́n lò fúnra rẹ̀ kò yi mọ́ nínú òtútù. Ìjórin ní ipa tirẹ̀: nínú ọkọ̀ tí a fi ìṣó kàn pọ̀, sísán máa ń dúró ní etí irin kan, nínú èyí tí a jó pọ̀, irin ti di ọ̀kan ṣoṣo, sísán sì lè sáré yí ọkọ̀ ká. Irin, òtútù àti iṣẹ́ ọwọ́ jọ ń pín ẹ̀bi ni.

Ọ̀nà àbáyọ

Àwọn ohun tó ń dín ewu yìí kù kò ṣòro láti lóye. Èkíní, kí a gbé irin gbóná kí a tó jó o. Fún ọ̀pọ̀ sítíìlì tó nípọn, 100 °C sí 150 °C lè tó. Èyí tí kábọ̀n rẹ̀ pọ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó ti móoru tẹ́lẹ̀ kò ní fa ooru ìjórin mu lójijì, háídírójìn á sì rí àkókò láti jáde. Èkejì, kí ọ̀pá ìjórin gbẹ. Irú èyí tí a ṣe kí háídírójìn má baà pọ̀ nínú rẹ̀ ni a sábà ń yan nínú ààrò ní nǹkan bíi 300 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó lò ó. Ẹ̀kẹta, kí a nu ìpẹtà, epo àti ọ̀dà kúrò. Ẹ̀kẹrin, kí a má yára yẹ iṣẹ́ wò: fún irin tó léwu, a máa ń dúró tó wákàtí 48 kí a tó wá sísán. Ẹ̀karùn-ún, níbi tí ọ̀ràn bá ti le gan-an, kí a dá gbogbo ojú ìjórin padà sínú ooru tó tó nǹkan bíi 600 °C, kí ó sì rọra tutù. Ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà nìyí, ní ìwọ̀n tó tóbi.

Ẹnì kan lè wá rò pé bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Rárá o. Bí wẹ́dà bá da ooru púpọ̀ sí ojú kan, tó sì ń fà á nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, irin á tutù pẹ́ gan-an, wóró rẹ̀ á sì tóbi. Líle kò ní pọ̀, síbẹ̀ yíyi á sọnù. Irin tí wọ́n ti fi omi àti ooru fún ní agbára láti ilé iṣẹ́ lè pàdánù agbára náà pàápàá. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń kọ ìwọ̀n iná, ìyára ọwọ́ àti ooru irin sílẹ̀. Wọ́n á jó irin àpẹẹrẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi òòlù Charpy dán an wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ooru ìjórin kì í ba irin jẹ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ó bá yára tutù jù, irin ẹ̀gbẹ́ ojú ìjórin á le, kò sì ní yi. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ooru, wóró á tóbi, yíyi á tún lọ. Iṣẹ́ rere wà láàárín méjèèjì, kábọ̀n inú irin, nínípọn rẹ̀ àti ojú ọjọ́ níbi tí a ti fẹ́ lò ó sì ni wọ́n ń pinnu ibi tí àárín náà wà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìjórin ní Houston tàbí ní Glasgow àti wẹ́dà tó wà lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn, òfin kan náà ló de irin wọn.

Fún àwa tí a kì í jó irin, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ìjórin tó dán, tó sì tẹ́jú kò tíì sọ gbogbo òtítọ́ fún wa. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi oníṣẹ́ kì í ṣe bóyá irin rẹ̀ le nìkan. Ẹ bi í pé irú irin wo ni, ṣé ó gbé e gbóná kó tó jó o, ṣé ọ̀pá rẹ̀ gbẹ, ìgbà wo ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kékeré tí àwọn ìyá wa ń lò nídìí ìkòkò ẹran: ṣé ó yi?